Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Méjì Tí Mo Ní Wọ́n Dọ́gba

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn Akanran níhìn-ín. Mo kí bàbá mi lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí Ìyá Àgbà, ojú wọn á túbọ̀ máa ríran. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ jókòó ti iṣu tí ẹ ń bó lọ́wọ́. Mo kí Ọlá, àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí fún yín. Ọlá, má ṣe kà á wúyẹ́wúyẹ́ sí Ìyá létí. Dìde dúró sí àárín agboolé, kí o kà á sókè kí gbogbo ẹbí gbọ́. Kí o tó kà á tán, ìdí rẹ̀ á ti yé yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní ilé yìí bẹ̀rẹ̀. Màmá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, opó kan tó ń ta epo pupa, máa ń dáná ògì bí ojú bá ti ń là. Wọ́n á po ògì sínú omi tútù, wọ́n á da omi tó ń hó lé e, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé abọ́ tánganran méjì kalẹ̀ lórí àpótí, abọ́ funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Wọ́n á bu ògì sí tọ̀tún, wọ́n á bu sí tòsì. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wo ibi tí ògì dé nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan bí bíríkìlà tó ń wò bóyá ògiri òun tọ́. Wọ́n á bu ṣíbí kan láti inú tọ̀tún sí tòsì. Wọ́n á tún wò ó. Wọ́n á dá ààbọ̀ ṣíbí padà. Àkàrà márùn-ún márùn-ún ló ń tẹ̀lé e. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, wọ́n á já díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́nu ara wọn. Ìgbà náà ni wọ́n á tó pe àwọn ọmọ wọn.

Ọmọkùnrin méjì ni Màmá bí, àgbàlagbà sì ni àwọn méjèèjì. Akin ni ẹ̀gbọ́n, ó ti gbéyàwó. Délé ni àbúrò, kò tíì gbé. Níwájú wọn, Bọ̀dá ni mo ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ yín lójú, orúkọ wọn ni màá máa dá pè. Iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gé igi lulẹ̀ nínú oko, wọ́n ń là á sí pákó. Láràárọ̀, Akin ló ń kọ́kọ́ dé ìdí àpótí. Kì í jókòó láìjẹ́ pé ó wo abọ́ méjèèjì. Á wò wọ́n, á mú ọ̀kan. Délé á mú èyí tó kù, kì í tilẹ̀ wò ó. Màmá sọ fún mi pé bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn kó tó kú. Ẹni tó pín kò gbọdọ̀ yàn. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú, àbúrò á gba ìyókù. Wọ́n ní bí ẹni tó pín bá ṣe òótọ́, ẹni tó yàn kò ní rí nǹkan kan fi ju èkejì rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ kẹta Kérésìmesì, Màmá ṣì ń bu abọ́ méjì. Ẹnì kankan kò wá mú un mọ́. Ògì á tutù, eṣinṣin á bà lé e, Màmá á gbé e lọ dà fún adìyẹ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún di ojú kan.

Ìyá mi, nígbà tí ẹ pè mí lánàá, ẹ ní ohùn mi ti yí padà. Mo ní ọyẹ́ ni. Òótọ́ ni pé ọyẹ́ ọdún yìí le. Ètè mi ti là, bí mo bá ya ẹnu ẹ̀jẹ̀ ń yọ, gbogbo ewé kòkó ti di àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ló mú mi lóhùn. Mo rí gààrí àti owó tí ẹ fi rán awakọ̀, ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣaláìní. Ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́ títí màá fi tún pè yín, nítorí n kò mọ̀ bóyá ilé yìí ni màá ṣì máa gbé.

Ẹ rántí pé ilé ẹ̀kọ́ wa pín wa sí àwọn abúlé ká lè mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ lójú oko. Àwa mẹ́ta ni wọ́n mú wá sí apá ibí. Àwọn méjì tó kù lọ sílé fún Kérésìmesì, èmi dúró ti adìyẹ ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá la ẹnu, Èkìtì inú ọ̀rọ̀ mi á jáde, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín mi jẹ. Nítorí náà mo pa ẹnu mi mọ́. Mo ń wò. Akin ló sọ mí ní Dákẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ń kọjá, á ní Dákẹ́jẹ́ẹ́, ṣé wọ́n gba ahọ́n rẹ ní bódè ni? Délé kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá bá mi lẹ́bàá kànga, á gba okùn lọ́wọ́ mi, á fa omi garawa méjì, á gbé wọn kalẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjà ni mo fi mọ àwọn ọmọ Màmá. N kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbí nígbà tí mo rí àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì ìgégi kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀, òun làwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ti fi ṣéènì rẹ̀ gé ìṣó tó há sínú igi, gbogbo eyín ṣéènì náà sì ti kú. Akin ní Délé ni. Délé ní Akin ni. Kí n tó gbé garawa mi kalẹ̀, Akin ti fi èèkù àdá gbá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Eyín kan fò jáde, ó bọ́ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Délé rọ́ lù ú, ó gé e jẹ léjìká, kò sì tú u sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi gba ìdajì ẹ̀wù. Màmá sáré bọ́ sí àárín wọn, ìgúnpá ẹnì kan bá wọn lójú. N kò mọ ìgúnpá ta ni, àwọn náà kò mọ̀. Ojú náà wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, Màmá ní igi ìdáná ló ta sí àwọn lójú. Àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa kò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní àwọn ọmọ Màmá tún ti ń na ara wọn, wọ́n á jẹ àkàrà lọ́la.

Òótọ́ sì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Akin mú abọ́ kan, Délé fi ẹnu wíwú jẹ èyí tó kù, wọ́n jọ gba ọ̀nà oko lọ. Akin gbé ẹ́ńjìnnì, Délé gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi wọ inú kòkó. Ẹ́ńjìnnì kan ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, òun kan náà ló sì ń mú wọn rìn pọ̀.

Màmá kò rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ajá méjì kì í fi eegun kan ṣeré, àfi kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti ń tu owó epo jọ. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí n bá àwọn dé Adegbayi, nítorí èmi mọ̀wé. Wọ́n fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì ìgégi méjì fún àwọn ọmọ wọn, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ títí di ọjọ́ ọdún.

Ìyá mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti di tèmi nìyí.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà létí títì tó lọ sí Ifẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níwájú rẹ̀, oòrùn mú, èrò sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí ọjà. Ẹni tó ń tà á gbé páálí méjì kalẹ̀. Màmá ní kó tú wọn kí àwọn fi ojú wé wọn. Ọkùnrin náà ní òun kì í tú páálí fún ẹni tí kò tíì sanwó, pé bí òun bá tú u tán tí wọn kò bá rà á mọ́, ta ni òun fẹ́ tà á fún? Màmá wá yíjú sí mi. Wọ́n ní Mojí, bá mi ka ara rẹ̀, ṣé ọgbọọgba ni wọ́n?

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á. Àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ wà lára ẹ̀rọ yìí, òun ni ṣéènì ń sáré yí ká, gígùn rẹ̀ ló sì ń sọ bí igi tó lè gé ṣe máa tóbi tó. Lára páálí kan, wọ́n kọ ọ́ pé irin náà jẹ́ íǹṣì méjìdínlógún. Lára èkejì, ogún. Mo rí i. Mo tún un kà. Mo gbé orí sókè kí n sọ ọ́, ọkùnrin náà sì bojú wò mí, ó ní ọmọ yìí, ṣé ẹ wá rajà ni àbí ẹ wá ṣe ìdánwò? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n fún mi ní máàkì. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mo rò ó pé íǹṣì méjì, kí ló jẹ́? Mo ní ọgba ni wọ́n, mà.

Bí mo ṣe parọ́ fún opó tó ń fi ojú kan wọn ògì nìyẹn.

Nígbà tí a délé, wọ́n fún mi ní bírò dúdú tó nípọn kan, wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí ara páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé tòun nìyí, tòun nìyẹn. Mo kọ Akin sí èyí tó jẹ́ méjìdínlógún. Mo kọ Délé sí ogún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. N kò rántí pé mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo rántí garawa omi méjì lẹ́bàá kànga. N kò lè búra pé ọwọ́ mi nìkan ló yàn án.

Màmá gbé páálí méjèèjì lọ sí ìjọ, wọ́n gbàdúrà sí wọn, wọ́n wọ́n omi sí wọn lórí. Bàbá Ọláòkun, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, ń tẹ̀lé Ògún ní tirẹ̀. Wọ́n sọ fún Màmá pé omi kò tó irin mu, kí wọ́n fún un ní àkùkọ kan. Màmá kọ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, irin tí ẹ kò bá bọ́ mọ bó ṣe ń wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn ìrẹsì, Màmá ní kí n gbé páálí jáde. Wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Délé fò sókè, ó di mọ́ ìyá rẹ̀. Akin kò fò. Ó ń wo orúkọ rẹ̀ lára páálí. Ó ní ta ló yàn án fún òun? Màmá ní ọgba ni wọ́n, kò sí èyí tó ju èkejì lọ, wọ́n kàn kọ orúkọ kí ìjà má baà sí ni. Akin ní òun ti tó ọmọ ọdún márùndínlógójì, láti ìgbà tí wọ́n ti bí Délé, òun lòun ń kọ́kọ́ mú nínú ilé yìí, ìbáà jẹ́ ògì, ìbáà jẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ wo ni òun di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí nǹkan rẹ̀? Ó fi ẹ̀rín sí i. A rò pé eré ni.

Ìwé tó wà nínú páálí jẹ́ èdè Òyìnbó, èmi ni mo ń kà á fún wọn: bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó kú, bí wọ́n ṣe ń de irin àti ṣéènì mọ́ ọn. Wọ́n dè é. Wọ́n gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wa rí i. Ti Délé fi oríkèé ìka méjì gùn ju ti Akin lọ.

Mo gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ta ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Akin gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀, ó ní ẹ ní ọgba ni wọ́n. Màmá ní àwọn kò mọ̀. Ó ní ẹ kò mọ̀, ẹ sì mọ èyí tí ẹ máa kọ orúkọ Délé sí? Màmá wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo tẹjú mọ́ ìwé Òyìnbó tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n yí ojú kúrò lára mi, wọn kò sì tún wò mí mọ́. Délé ì bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, à bá rí nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gun Délé. Ó ní Bọ̀dá, ẹ má banújẹ́, igi kéékèèké pọ̀ létí ọ̀nà, ẹ máa fi tiyín gé igi ìdáná fún ìyàwó yín. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Akin kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Igi afàrà kan wà ní ẹ̀yìn kòkó wọn, àgbà igi ni, bàbá wọn ló dá a sí. Ọ̀gá kan ní Akanran ti ní kí wọ́n la pákó fífẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ kẹta Kérésìmesì, olúkúlùkù gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sídìí igi kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, Màmá ní kí n gbé ẹ̀bà lọ fún wọn. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ariwo náà, bí ẹranko tí wọ́n ń pa tí kò tètè kú.

Akin ló ń gé e nígbà tí mo dé. Irin rẹ̀ kò dé àárín igi. Ó ń tì í, ó ń gbọ̀n, igi wá di irin náà mú gírígírí, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Délé jókòó lórí gbòǹgbò, ó ń pa àtẹ́wọ́. Ó ní ṣé ó ti tó yín ni? Akin nawọ́, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá. Délé ní orúkọ òun ló wà lára rẹ̀. Akin tún nawọ́. Délé dìde, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì gígùn náà bú, ó sì kọjú rẹ̀ sí igi. Akin mú àdá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe rí gan-an, nítorí òun ni wọ́n ń yí padà: pẹlẹbẹ àdá ló fi nà án, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó nà án lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń lu ẹrù. Aṣọ Délé ya. Délé yí padà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń sáré lọ́wọ́. Kò jù ú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akin ló ju àdá nù tó rọ́ mọ́ ọn, tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ó ń fà á, Délé ń fà á, wọ́n ń tutọ́ síra wọn lójú, wọ́n ń bú ìyá kan náà tó bí wọn. Ṣónṣó irin náà wá kan ara igi. Ó ta padà bí ẹṣin tó tàpá.

N kò gbọ́ igbe. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lójú Délé, mo rò pé tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ òsì Akin. Ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀kan wà nínú ìyẹ̀fun igi, ìyẹ̀fun náà ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ń di pupa, ó ń fẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì bọ́ sílẹ̀, ó ń jẹ ilẹ̀ lọ, ó ń ta òkúta lù wá lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo sáré tẹ ibi tí mo kà fún wọn nínú ìwé. Ó kú. Mo tú ìborùn mi, mo fi di ọwọ́ náà pinpin. Délé ti kúnlẹ̀, ó gbá orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ké Bọ̀dá mi, Bọ̀dá mi, títí àwọn èèyàn fi dé.

Bí wọ́n ṣe dé, ọ̀kan gbé Akin sórí ọ̀kadà, àwọn ìyókù kọjú sí Délé. Àwọn arákùnrin ìyàwó Akin wà lára wọn. Wọ́n dè é mọ́ igi kòkó, wọ́n fi pàṣán nà án títí pàṣán fi dá, wọ́n tún ṣẹ́ òmíràn. Mo gbọ́ bí egungun ìhà rẹ̀ ṣe kán, ó dún bí igi gbígbẹ. Ẹnì kan da bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì Délé fúnra rẹ̀ lé e lórí, ó ń bèèrè ìṣáná. Wọ́n ti ṣá ìṣáná náà nígbà tí Bàbá Ọláòkun dé tí wọ́n gbá a kúrò lọ́wọ́ ẹni náà. Mo dúró síbẹ̀, abọ́ ẹ̀bà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé kò jù ú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i. Ohùn mi kò jáde.

Nígbà tí Bàbá Ọláòkun tú u sílẹ̀, Délé sá lọ sí ilé bàbá Màmá ní apá Lagelu. Àmọ́ ìjà kò parí, orí Màmá ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Ìbùkún, ìyàwó Akin, wọlé wá tó gbá ìkòkò ògì dànù lórí iná. Ògì gbígbóná dà sí Màmá lẹ́sẹ̀, awọ bó. Ó ní ìyá wo ló ń ra ikú lọ́jà, tó tún ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí i? Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí Màmá ti fẹ́ kí àbúrò jogún ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti ká gbogbo abúlé. Wọ́n ní Màmá mọ̀ọ́mọ̀ fi irin gígùn lé Délé lọ́wọ́. Akin gbọ́ ọ lórí ibùsùn ọsibítù, ó sì gbà á gbọ́. Ó ní òun kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn mọ́ láyé.

Mo ń fi omi tútù sí ẹsẹ̀ Màmá lọ́jọ́ náà, mo sì la ẹnu pé Màmá, èmi ni. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni mí, n kò ní ẹnì kankan níbí, ṣé mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n bí sí ilé? Wọ́n ní àwọn, wọ́n á bú àwọn títí á fi sú wọn, ṣùgbọ́n èmi, wọ́n á fà mí ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun.

Ìyá mi, n kò ní sùn ti ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lọ́la ni ọsibítù yóò dá Akin sílẹ̀. Lọ́la náà ni Bàbá Ọláòkun pe ẹbí jọ sí iwájú ilé yìí. Bí Màmá kò bá rí àlàyé ṣe, wọn yóò kó ẹrù wọn jáde kúrò ní ilé ọkọ wọn, Délé kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ oko bàbá rẹ̀ mọ́. Mo sì mọ̀ pé Màmá kò ní ṣe àlàyé kankan.

Ìdí tí mo fi ní kí Ọlá kà á sókè nìyí. Màá ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ nísinsìnyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ́ mi kí n má parọ́, mo parọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀yin àti gbogbo ilé, kí n má baà lè yí ọ̀rọ̀ mi padà lọ́la. Bí wọ́n bá lé mi, ilé ni mo ń bọ̀. Bí wọ́n bá nà mí, ẹ má bínú sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ojú yín kò ní ríbi. Ọwọ́ tí ẹ fi ń pín nǹkan fún wa kò ní dá ìjà sílẹ̀. Ọlọ́run á da bàbá mi sí, á fi ara líle fún Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ ní kí wọ́n má jà nítorí ẹran.

Páálí méjèèjì ṣì wà ní yàrá mi, àwọn ni mo to ìwé mi sí. Íǹṣì méjìdínlógún wà lára ọ̀kan, ogún wà lára èkejì, lẹ́tà ọwọ́ mi sì wà lára àwọn méjèèjì. Lọ́la, bí Màmá bá ti bu ògì tán, màá kó ìwé kúrò nínú wọn, màá rù wọ́n jáde síwájú ẹbí, màá kúnlẹ̀ níwájú Akin, màá sì sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá